Ṣé ká ní kí Yúróòpù gba àǹfààní ọjà padà torí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Akọ̀wé union ni mí níléeṣẹ́ kan ní Kútọnu, ọjà wa ń wọ Yúróòpù láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọ́n ń lé àwọn tó bá wọ union kúrò níṣẹ́, ìjọba ò sì dá wa lóhùn. Àwọn kan ní ká kọ̀wé sí European Union pé kí wọ́n gba àǹfààní yẹn kúrò. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ àbí iṣẹ́ tiwa ló máa lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Ìhàlẹ̀ yẹn ló lágbára, tí wọ́n bá ti gbà á tán pẹ́nrẹ́n, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jìyà ẹ̀ kó tó kan mínísítà kankan. Ẹ wo Swaziland tó ti di Eswatini báyìí, ìjọba wọn wọ́gi lé ìforúkọsílẹ̀ TUCOSWA, àpapọ̀ àwọn union ibẹ̀, lọ́dún 2012, Amẹ́ríkà kìlọ̀ kìlọ̀, ó to àwọn òfin tó fẹ́ kí wọ́n tún ṣe sílẹ̀, wọn ò ṣe é, ló bá yọ wọ́n kúrò nínú AGOA, ètò Amẹ́ríkà tó jẹ́ kí ọjà Áfíríkà wọ ọ̀dọ̀ wọn láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ní January 2015. Kó tó pé oṣù mẹ́fà wọ́n forúkọ TUCOSWA sílẹ̀, àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìránṣọ kan ti kógbá wọlé, àwọn obìnrin tó ń ránṣọ ló pàdánù iṣẹ́, 2018 ni wọ́n tó dá wọn padà sínú AGOA. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó ń fi owó oṣù bọ́ ọmọ ò lè dúró de ọdún mẹ́ta.

Ti Cambodia tún le jù. August 2020, European Union gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àǹfààní wọn padà, Hun Sen tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà yẹn kọ̀ jálẹ̀.

Nítorí náà ẹ má kọ ọ́ pé "ẹ gbà á kúrò". Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìjọba ṣe àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ ṣe é dà, kẹ́ ẹ sì dárúkọ àdéhùn 87 àti 98 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, tó dá lórí ẹ̀tọ́ láti dá union sílẹ̀ àti láti bá agbanisíṣẹ́ dúnàádúrà, tí Benin ti fọwọ́ sí, torí orí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gan-an ni Yúróòpù gbé àǹfààní yẹn kà. Tó bá di pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan lóòótọ́, ẹ ní kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí ọjà tí òṣìṣẹ́ pọ̀ nídìí ẹ̀. Ẹ wá union tó wà ní Yúróòpù fúnra wọn kí wọ́n bá yín gbé e lọ, torí ọ́fíìsì tó ń gba irú ẹjọ́ yìí ní Brussels, àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà ìlénìkúrò níṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ní, gbogbo ẹ̀ pátá, ẹ ṣe fọ́tòkópì ẹ̀ mọ́ ọn.