Ṣé àgbo ewúro àti ejìnrìn lè rọ́pò oògùn ọ̀rá fún onítọ̀ ṣúgà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ń lo metformin àti glibenclamide fún ìtọ̀ ṣúgà. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, dókítà sì fi atorvastatin kún un. Ọ̀rẹ́ wọn ní kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n máa mu àgbo ewúro àti ejìnrìn. Ṣé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá pa atorvastatin tì. Iṣẹ́ insulin, èròjà ara tó ń darí ṣúgà, kò mọ sórí ṣúgà nìkan; òun náà ló ń ká ọ̀rá tí ara tò pamọ́ lọ́wọ́ kò kí ó má baà ya sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ara kò bá gbọ́ràn sí insulin lẹ́nu mọ́, ọ̀rá yìí á wọ́ lọ sínú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sì tún dà á padà sínú ẹ̀jẹ̀ ní triglyceride, ìyẹn irú ọ̀rá kan, HDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ń ṣe ara lóore, á sì máa dínkù. Ìdí nìyí tí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ń dúró de onítọ̀ ṣúgà, kódà bí ṣúgà rẹ̀ bá ti wálẹ̀.

N kò kẹ́gàn ewé rárá. Ìwádìí lórí ewéko kan ní Yúróòpù, Galega officinalis, ló ṣí ọ̀nà fún metformin tí ìyá ń lò, èyí tí dókítà Jean Sterne ti ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ fi tọ́jú onítọ̀ ṣúgà ní 1957. Ewúro náà ti dín ṣúgà àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kù lára eku nínú ìwádìí, ṣùgbọ́n eku kọ́ ni ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ife ewúro tí a fún títí tó fi ṣú tó sì ń hó kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí a bu omi là. Ewúro inú ọbẹ̀ kò léwu. Kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ejìnrìn ló ń kọ mí lóminú jù. Òun fúnra rẹ̀ lè fa ṣúgà wálẹ̀, glibenclamide sì ń tú insulin jáde yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lára àgbàlagbà tó sùn láìjẹun alẹ́, òógùn tútù lè bò ó, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Bí ó bá ṣì mọ ohun tó ń ṣe, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí mínírà aládùn lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti dákú, ẹ má ṣe da nǹkan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ àgbo náà, nítorí pé ọtí máa ń gbé triglyceride sókè. Bí ó bá jẹ́ inú ìgò ni wọ́n ti rà á, ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: lórí ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tó ní nọ́ńbà NAFDAC, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò. Ẹ gbé ìgò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n sì tún ọ̀rá náà yẹ̀ wò lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta. Bí iṣan bá ń ro ìyá láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ atorvastatin, ẹ sọ fún dókítà, ó lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.