Ṣé kí n mu tíì òdòdó tí aládùúgbò mi fún mi níbi ọdún wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Aládùúgbò mi, tó ń bọ òrìṣà àtijọ́ ilẹ̀ wọn, pè mí síbi ọdún ẹ̀ẹ̀rùn wọn lóṣù kẹfà. Ó di òdòdó gbígbẹ kan fún mi, ó pè é ní St John's wort, ó ní kí n máa fi ṣe tíì, pé yóò lé ìbànújẹ́ lọ. Oògùn oníhóró fún ìfètòsọ́mọbíbí ni mò ń lò. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu ún. Ewé yìí máa ń ti ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀dọ̀ á wá máa fọ́ oògùn yín dànù kó tó ràn yín lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kan ti lóyún láìròtẹ́lẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀, ìjọba ibẹ̀ sì ti kìlọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2014. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), oògùn HIV, àti oògùn ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Bí ẹ bá ti mu tíì náà, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ẹ sì máa lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù fún ọ̀sẹ̀ 4 sí i, torí agbára rẹ̀ kì í tètè kúrò lára. Ìyá eléwé ọmọ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ bi yín léèrè ohun tí ẹ ti ń lò kó tó di ewé fún yín. Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó bi yín lọ́tẹ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má da ẹ̀bùn náà nù. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, tí ọ̀sán máa ń gùn jù lọ lọ́dún níbẹ̀, ni òdòdó yìí máa ń yọ, ó yẹ́lò bí oòrùn. Bí ẹ bá fi ìka fọ́ èyí tó ṣì tutù, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ á jáde. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi dé, wọ́n so ó mọ́ ọdún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, ọjọ́ 24 oṣù náà. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé ni àwọn baba ńlá wọn ń fi í kọ́ kí ibi má bàa wọlé. Ẹ fi tiyín kọ́ síbẹ̀. Inú aládùúgbò yín á dùn.

Bó bá tún pè yín lọ́jọ́ 1 oṣù kẹjọ, ẹ lọ, kí ẹ sì jẹun. Ọdún àlìkámà tuntun ni. Búrẹ́dì ni wọ́n ń fi ṣe é, bí a ṣe ń fi iṣu tuntun ṣọdún nílé. Ewé kan tó ń jẹ́ mugwort nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún.

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Aládùúgbò yín ní St John's wort yóò lé ìbànújẹ́ lọ. Àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé ó ti rí nǹkan lójú yín. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ tí ọkàn yín kò fúyẹ́, ẹ lọ rí dókítà yín, kí ẹ sì dárúkọ ewé yìí fún un kó tó kọ oògùn kankan, pàápàá bí ẹ bá ti fẹnu kàn án.