Wọn ò ní kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sínú lẹ́tà náà

Àbúrò, o ní ọ̀gá rẹ l'Ọ́yọ̀ọ́ fẹ́ kí o pa ohun tí o kọ sí Facebook nípa òṣèlú rẹ́, kí o sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. O wá ń béèrè bóyá ó lè lé ọ. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ó lé lọ́dún mẹ́ta tí mo fi ń kọ rìsíìtì ní ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì kan ní Tákìé, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò ààrẹ, 25 oṣù Kejì 2023, mo fi sí status WhatsApp mi pé ẹgbẹ́ Labour Party ni mo dìbò fún. Níbi tí gbogbo ayé ti ń pariwo "Èmi lókàn"! Ọ̀gá ò sí lára àwọn tó ń wo status mi o. Ẹni tá a jọ ń jẹ àmàlà nínú abọ́ kan náà ló gbé e lọ bá a.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo bá lẹ́tà lórí tábìlì mi, wọ́n fi ìwé rìsíìtì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì ti kùn ún. Ìlà méjì péré: ọjà ò yá, wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Èmi nìkan ni wọ́n dín kù.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ka abala 39 ìwé òfin 1999 sétí gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́, pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tinú mi. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí òṣèlú kankan nínú lẹ́tà yẹn tí mo lè tọ́ka sí.

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ló bi mí pé, "Nọ́tíìsì rẹ dà, ìyẹn ìfilọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ kí wọ́n tó dá ọ dúró?" Lábẹ́ Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ẹni tó bá ti lo ọdún méjì, tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni nọ́tíìsì tiẹ̀, tó bá pé márùn-ún, oṣù kan. Bí wọn ò bá fún un, kí wọ́n san owó iṣẹ́ àkókò náà fún un. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mi ò dárúkọ ìdìbò rárá. Ọ̀gá kà á, ó tún un kà, ó wá ń ka owó ọ̀sẹ̀ méjì sórí àpò sìmẹ́ńtì, kò wojú mi.

Tí o bá fẹ́ pa á rẹ́, pa á rẹ́, ìwọ lo mọ iye ẹnu tí ò ń bọ́. Àmọ́ má fọwọ́ sí ìwé tó bá ní ìwọ lo fúnra rẹ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé wọ́n fún ọ ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀? Wá a jáde lálẹ́ yìí.