Ta ló jẹ̀bi, Ross ni àbí Rachel? Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì ní Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi, mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé yòókù lè mọ ohun tí à ń sọ: Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni àbúrò mi yìí àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ṣíìfùtì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀dọ̀gunyàn, ìyàwó ń lọ sí ọ́fíìsì ní Marina. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó ń gbé ní Agric, máa ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́, inú ọkọ rẹ̀ kò sì dùn sí i. Àwọn méjèèjì wá ń wo Friends, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà, lórí fóònù. Ìgbà tí wọ́n dé ibi tí Ross àti Rachel, olólùfẹ́ méjì nínú eré náà, ti tú ká ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Ọkọ ní Rachel ló jẹ̀bi, ìyàwó ní Ross ni. Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀” àti “oúnjẹ ti délẹ̀” nìkan ló kù láàárín wọn. Wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà, ohun tí mo bá sọ labẹ gé.

Ó dáa, màá dá a.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n jà nínú eré náà, Ross ló jẹ̀bi rẹ̀. Mi ò ní yí i po rárá. Oṣù Kejì ọdún 1997 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé apá ibẹ̀ jáde. Rachel, tó ti ń gbé kọfí fún àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tó wù ú ní Bloomingdale's, ilé-ìtajà ńlá kan ní New York. Mark, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló bá a wá iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni Ross ò ti nísinmi. Ó ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó rán àwọn olórin lọ kọrin fún un níbẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Rachel ti ní olówó orí. Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ wọn pé ọdún kan, iṣẹ́ wọ Rachel lọ́rùn, kò lè kúrò níbi iṣẹ́. Ross di oúnjẹ sínú agbọ̀n, ó gbé e lọ bá a láìpè. Ìjà dé. Rachel ní kí àwọn fi ara àwọn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ross bínú jáde. Nígbà tó pe Rachel lórí fóònù, ohùn Mark ló gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí Rachel tó ṣàlàyé, ó ti gé fóònù. Òru yẹn náà ló bá Chloe sùn, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ o! Ohun tó ń tìtorí rẹ̀ fura sí Rachel, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ṣe é. Ó tún wá kù èyí tó dùn mí jù. Nígbà tí Rachel wá lówùúrọ̀ pé kí àwọn parí ìjà, Ross gbé Chloe pamọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá káàkiri, ó ń bẹ àwọn tó gbọ́ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Lẹ́nu Gunther, ẹni tó ń ta kọfí, ni Rachel ti gbọ́ ọ. Lójú tèmi, sísá káàkiri yẹn wúwo ju ọ̀rọ̀ Chloe lọ. Ká ní Ross sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan kù tí wọn ó fi tún ara wọn gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọkọ rẹ ní Ross ò ṣì í, nítorí pé Mark padà mú Rachel jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbà wo? Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ara wọn ni, tí Rachel ń wá bí yóò ṣe dun Ross. Ohun tó wà lọ́kàn Mark, Mark ni kí wọ́n bi. Wọn kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan dá obìnrin lẹ́bi nígbà tí obìnrin náà ò dá a lóhùn.

Rachel náà ní tirẹ̀. Ìyàwó tí Ross kọ́kọ́ fẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí obìnrin kan tó ń bá ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Rachel mọ ìtàn yìí dáadáa. Síbẹ̀, lójú tèmi, kò jókòó ti ọkùnrin yìí tó láti bá a sọ̀rọ̀ nípa ìbẹ̀rù yẹn gan-an. Ìjà lórí Mark ni wọ́n ń jà ṣáá. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ padà, ó kọ lẹ́tà olójú ewé 18, tojú tẹ̀yìn, pé àfi kí Ross gba gbogbo ẹ̀bi náà sórí. Oorun gbé Ross lọ níbi tó ti ń kà á, ó kàn ní òun gbà. Ìgbà tó wá rí ohun tó wà nínú rẹ̀, kò lè gbà á mọ́ra, wọ́n tún tú ká. Ibẹ̀ ni Rachel ti ṣì í. Ẹ̀bi òru yẹn, ti Ross ni. Ẹ̀bi gbogbo oṣù tó ṣáájú rẹ̀, ti àwọn méjèèjì ni. Ọdún 2004 tí eré náà parí ni wọ́n tó padà di ti ara wọn.

Ẹjọ́ tẹlifíṣọ̀n parí. Ó ku tiyín.

Ìyá Ìbejì, ohun kan wà tí o sáré kọjá nínú lẹ́tà rẹ. O ti ń wọ mọ́tò ọkùnrin yẹn fún oṣù mélòó kan kí ọkọ rẹ tó rí ọ tí o ń sọ̀ kalẹ̀ ní Agric. O ní o kò sọ nítorí pé o mọ̀ pé yóò bínú. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn. Mo mọ ìlà bọ́ọ̀sì BRT tí kì í sún, mo mọ Kẹtu àti Mile 12 nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sẹ́ni tó yẹ kó ní kí abiyamọ tó ti rẹ̀ kọ mọ́tò tó fẹ́ gbé e délé. Ṣùgbọ́n o fi pamọ́. Ohun tí ọkọ rẹ rò pé ó wà nínú mọ́tò náà lè má sí níbẹ̀, àmọ́ fífi tí o fi pamọ́ wà níbẹ̀.

O tún ní ọkọ rẹ máa ń tú fóònù rẹ bí o bá ń wẹ̀. Ìyẹn ò dáa, ó sì gbọ́dọ̀ jáwọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ nísàlẹ̀ lẹ́tà, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ kó tó pàdé rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló gbà á. Àbúrò mi, ṣé o rí ìdí tó fi ń gbèjà Ross? Ara rẹ̀ ló ń gbèjà. Ìwọ náà, ara rẹ lo ń gbèjà nígbà tí o ń pariwo orúkọ Rachel.

O ní kí n bá ọ sọ fún un pé gbogbo ẹ̀bi náà, tirẹ̀ ni. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ilé kan náà lẹ jọ ń padà sí.

Ọjọ́ tí ọkọ rẹ kò bá sí níbi iṣẹ́, gbé àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ ní Ìjẹ̀dé. Má ṣe dárúkọ Ross, má dárúkọ Rachel. Sọ fún un pé o fi ọ̀rọ̀ mọ́tò pamọ́ àti pé kò yẹ, kí o sì dákẹ́. Má fi “ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà” tì í. Bó bá ti fèsì tán ni kí o tó sọ ti fóònù. Bi í léèrè nípa ọmọbìnrin àtijọ́ náà, kí o sì fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí mo fura pé o kò bi í rí. Ọkùnrin tó ń gbé ọ bọ̀ yẹn, kó yà sílé yín, kó kí ọkọ rẹ, kí wọ́n mọ ara wọn. Bí ọkọ rẹ bá ṣì ní òun kò fẹ́, ẹ jọ pín ọjọ́: ọjọ́ tí o ó wọ BRT, ọjọ́ tí o ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó sì wá pàdé rẹ ní Ìpákodò lọ́jọ́ tí ṣíìfùtì rẹ̀ bá gbà á láyè.

O sọ pé o ń rò ó láti lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Má lọ báyìí. Bó bá sì di dandan, sọ ọjọ́ tí o máa padà fún un kí o tó gbé báàgì.

Ẹnu rẹ nìkan ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá sì ni àgbà òṣìkà. Fún ọkọ rẹ ní ìwé yìí kó kà á. Bó bá rí ibi tí mo ti ṣì í gbọ́, kó kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.