Ẹ̀rọ agbálẹ̀ tí kò ní àpò: kí ló dé tí kò fa eruku mọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ẹ̀rọ agbálẹ̀ kan tí ó dúró lóòró, irú èyí tí kò ní àpò, tí eruku ń yí gbirigbiri nínú ike rẹ̀ bí ààjà. Ẹni tó tà á fún mi fi dá mi lójú pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní àpò, agbára tó fi ń fa eruku kò ní dín kù láé. Oṣù mẹ́jọ péré ni mo lò ó tí kò lè fa irun orí kápẹ́ẹ̀tì mọ́. Igbe rẹ̀ ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ti jóná ni? Àbí kí n kúkú padà sí oní-àpò?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo dúpẹ́ jù lọ pé ẹ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ké, nítorí igbe yẹn ni ó jẹ́ kí n lè sọ ohun tí mo fura sí láì tíì fojú kàn án: kò jọ pé ẹ́ńjìnnì yín ti jóná. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú lọ a máa lọ́ra, ohùn rẹ̀ a máa há, a sì máa rùn bí ohun tó ń jó. Èyí tí igbe rẹ̀ ń lọ sókè kò rí afẹ́fẹ́ fà ni. Iṣẹ́ fáànù inú rẹ̀ ni kí ó máa ti afẹ́fẹ́ kọjá. Nígbà tí kò bá rí nǹkan kan tì mọ́, ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, a sì máa sáré ju bó ti yẹ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, afẹ́fẹ́ tí kò rí fà yẹn kan náà ni ó yẹ kí ó máa mú ara ẹ́ńjìnnì tutù. Bí kò bá ti sí, ara rẹ̀ a gbóná títí tí ohun kékeré kan tí wọ́n fi síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ooru yóò fi já iná fún un. Òun ni ẹ rí tí ẹ pè ní kíkú.

Ohun tí ẹni tó tà á sọ fún yín kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó fi apá kan sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yín kò ní àpò. Àmọ́ ó ní fílítà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ eruku kúrò lára afẹ́fẹ́.

Nínú ẹ̀rọ alápò, àpò yẹn gan-an ni asẹ́. Nígbà tí James Murray Spangler, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ńlá kan ní Canton, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ agbálẹ̀ rẹ̀ ní 1908, aṣọ ìrọ̀rí ni ó kọ́kọ́ fi ṣe àpò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ a gba ojú aṣọ náà jáde, eruku a kù sẹ́yìn, ṣùgbọ́n eruku tó kù sẹ́yìn yẹn ni yóò máa dí ojú aṣọ díẹ̀díẹ̀, tí àpò kò fi ní tíì kún kí ẹ̀rọ tó rẹ̀. Àléébù yìí ni James Dyson, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ mú kúrò. Ó ti rí irinṣẹ́ ńlá kan tí àwọn ilé ìlagi fi ń ya ìyẹ̀fun pákó kúrò lára afẹ́fẹ́, ó sì rò ó pé kí òun ṣe irú rẹ̀ kékeré. Ó ṣe àwòṣe 5,127 kí ó tó rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, 1993 ni ó sì gbé èyí tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ jáde sọ́jà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ike yẹn nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ru ìdọ̀tí kì í gba àárín wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí, kí ó lè máa fara ra ògiri ike yí po. Bí ẹ bá ti fi kànnàkànnà ju òkò rí, ẹ mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń fì í yí ni òkò inú rẹ̀ ń fẹ́ já lọ. Bákan náà ni ìdọ̀tí tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ kò ṣe lè bá afẹ́fẹ́ yí: a lọ gbá ògiri, a sì yọ̀ wálẹ̀ sí ìdí ike. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ a yí dé ìsàlẹ̀, a ṣẹ́rí padà, a sì gba àárín gòkè lọ. Bí ibi tó ti ń yí bá ṣe fún tó ni agbára tó ń ti eruku ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí a ní afẹ́fẹ́ náà ń sáré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: bí ó bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí àárín gbùngbùn, agbára tó ń ti ẹyọ eruku sí ògiri yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 400 ìwúwo eruku náà, bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ìlọ́po 2,000 ni. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí àwọn nǹkan ṣóńṣó kéékèèké bí òkòtó tí wọ́n tò yíká lókè ike. Ike ńlá ló ń mú irun, òwú àti iyanrìn. Àwọn òkòtó wọ̀nyẹn ló ń mú èyí tó kúnná.

Síbẹ̀, eruku kan wà tó kúnná ju ìyẹn lọ, èyí tí ojú kì í rí àfi bí ìtànṣán oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé. Kò wúwo tó láti yapa kúrò lára afẹ́fẹ́, nítorí náà yóò bá a lọ ni. Fílítà fóòmù tó wà ṣáájú ẹ́ńjìnnì ni yóò dá a dúró, tí òmíràn yóò sì tún wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ tó padà sínú yàrá. Bí wọ́n bá kọ HEPA sára èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ìlànà Amẹ́ríkà ni pé kí ó mú 99.97 nínú 100 lára eruku tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìlímítà kan. Eruku tó ń sá mọ́ ààjà lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni ó ti ń kó jọ sínú fóòmù yín láti oṣù mẹ́jọ wá. Mo lè fi iṣẹ́ mi búra pé ẹ kò tíì yọ ọ́ rí.

Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbé wá pé kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n ti fi pépà oníyanrìn ha ògiri nínú ilé náà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fa lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Nígbà tí mo fa fílítà jáde, ó le gbagidi bí àkàrà tó ti sùn, mo sì fi èékánná kan án, ó dún kó. Ẹni tó ni ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ rárá. Irú lẹ́búlẹ́bú ògiri bẹ́ẹ̀, sìmẹ́ńtì àti eérú kì í ṣe oúnjẹ ẹ̀rọ inú ilé. Eérú tó ṣì gbóná tilẹ̀ lè dá iná sílẹ̀.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni ilà tí wọ́n kọ MAX sí lára ike. Wọ́n rò pé àyè ni ilà náà ń sọ, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ tẹ ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ kí ó lè gbà sí i. Ìdọ̀tí tó bá ti ga kọjá ibẹ̀ ti wọ inú ibi tí ìjì náà ti ń ṣẹ́rí padà, ìjì yóò sì gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò gbé e gba òkè lọ sí ọ̀dọ̀ fílítà. Bákan náà ni rọ́bà tó yí etí ìdérí ìsàlẹ̀ ike ká: bí irun kan bá há sábẹ́ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń jò wọlé láti ìdí, yóò máa rú eruku tó ti sùn sókè. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nígbàkígbà tí ẹ bá da ìdọ̀tí nù.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ yọ wáyà kúrò lára iná. Ẹ kọ́kọ́ yọ páìpù rọ́bà, ẹ nà án dúró, kí ẹ sì ju owó ẹyọ kan sínú rẹ̀. Bí owó náà bá já sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọ̀nà là. Bí kò bá jáde, ẹ ti rí ọ̀tá yín, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ló sì sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha apá oníhò wínníwínní tó wà láàárín ike, nítorí pé irun àti òwú máa ń wé mọ́ ọn bí agbádá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pẹ̀lú: bí páìpù bá ń fà dáadáa ṣùgbọ́n tí kápẹ́ẹ̀tì kò mọ́, irun ti dì mọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí nísàlẹ̀ tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ti já, fílítà kò sì mọ ohunkóhun nípa ìyẹn.

Ẹ wá yọ fóòmù. Bí ìwé ìlò rẹ̀ bá ní kí ẹ fọ̀ ọ́, omi tútù ni, láìsí ọṣẹ. Ẹ máa fún un títí tí omi yóò fi mọ́, ẹ lè ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 24 ó kéré tán, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú ààrò. Ẹ má ṣe kánjú dá a padà, torí fóòmù tútù ń dí afẹ́fẹ́ ju èyí tó dọ̀tí lọ, omi rẹ̀ sì lè wọ ẹ́ńjìnnì lọ. Àwọn fílítà kan tó jẹ́ pépà kì í ṣe fífọ̀, pípààrọ̀ ni.

Ní ti pípadà sí oní-àpò, èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi lè gbà á ni bí ẹnì kan nínú ilé bá ní ikọ́ fée, nítorí pé àpò ṣeé dì lẹ́nu kí a sì sọ nù, nígbà tí ike máa ń bú eruku jáde bí a bá ṣí i. Bí ẹ bá fẹ́ máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín nìṣó, ẹ ti ike náà bọ inú ọ̀rá ńlá níta gbangba kí ẹ tó ṣí ìdí rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò ní ikọ́ sì bá yín ṣe é.

Bí ohun gbogbo bá ti mọ́, tí fóòmù gbẹ, tí páìpù là, tí ẹ̀rọ náà kò sì tún fà, tàbí tí ó ń ta iná pẹ́pẹ́pẹ́ tó sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kí káábọ̀n inú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun kékeré tó ń gbé iná wọ apá tó ń yí, ti jẹ tán. Nígbà náà ni kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe.