Ṣé Òrìṣà Ni Mò Ń Gbẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, Lugbe ní Àbújá ni mò ń gbé. Igi gbígbẹ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà ni mo fi ń jẹun. Ìjọ Àgùdà kan nítòsí wa gbé iṣẹ́ Ọ̀nà Àgbélébùú fún mi, ìyẹn ère ìrìn àjò Jésù lọ síbi ikú rẹ̀, pákó ìrókò mẹ́rìnlá. Pùròtẹ́sítáǹtì ni èmi. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ wa gbọ́, wọ́n ní kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin ná, pé òrìṣà ni mò ń gbẹ́. Ìyá mi ń sunkún. Ṣé kí n dá owó àsansílẹ̀ padà ni? Kí ló tilẹ̀ fa ìjà yìí láàárín ìjọ méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má dá kọ́bọ̀ padà. Parí iṣẹ́ rẹ.

Áńgílíkà ni wọ́n bí èmi náà sí, iṣẹ́ ọnà ni mo sì fi kọ́ ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ẹ̀rù àwọn àgbà ìjọ rẹ ní ìdí. Irú ọwọ́ tó ń gbẹ́ ère ìbejì àti oṣé Ṣàngó ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn tó gba Jésù ń kó ère ilé wọn lé míṣọ́nnárì lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ irú wọn ló ń ṣe àgbà ìjọ lónìí, ara wọn sì máa ń bù máṣọ bí wọ́n bá rí igi tó ní ojú àti imú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí ère ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1517, ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìjọ Àgùdà ń tà fún aráàlú ni Martin Luther, àlùfáà Àgùdà tí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tako ní Wittenberg, nílẹ̀ Jámánì. Ọ̀rọ̀ ère dé ní 1522, nígbà tí Luther ṣì wà níbi tó sá pamọ́ sí. Karlstadt, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọ̀wé pé kí wọ́n kó ère kúrò nínú sọ́ọ̀ṣì, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan. Luther padà wá, ó fi ọjọ́ mẹ́jọ léra wàásù, ó ní bó tilẹ̀ sàn kí ère má sí, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá ṣe é. Bíbélì tó túmọ̀ sí èdè Jámánì, tó jáde ní 1534, kún fún àwòrán. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn ló le jù ú lọ: Zwingli, oníwàásù ní Zurich nílẹ̀ Switzerland, níbi tí wọ́n ti kó ère jáde ní 1524, àti àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin ní Netherlands, tí wọ́n ya wọ sọ́ọ̀ṣì láti fọ́ ère ní 1566.

Àwọn Àgùdà fèsì. Ní 1563, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù wọn ní ìlú Trent là á mọ́lẹ̀ pé kò sí agbára nínú ère téèyàn lè máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ère dúró fún ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọnà wá rú yọ. Kátídírà Antwerp, ní Belgium òde òní, tí wọ́n fọ́ ère inú rẹ̀ ní 1566, òun náà ni Rubens, ayàwòrán Àgùdà, ya àwòrán bí wọ́n ṣe sọ Jésù kalẹ̀ lórí àgbélébùú fún, láàárín 1611 sí 1614. Àwa Pùròtẹ́sítáǹtì, orin la gbé tiwa gbà. Luther kọ orin. Nílẹ̀ wa, Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní kátídírà Marina l'Ékòó láti 1914 dé 1962, ṣiṣẹ́ kí orin ìjọ lè bá ohùn Yorùbá mu. Iṣẹ́ ọnà ni ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ yẹn náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù nìyí. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì fún ìjọ Àgùdà. Bándélé agbẹ́gi, ọmọ Àrẹ̀ógún agbẹ́gi ará Òsì, wà lára àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù bí ọba Yorùbá. Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, Mùsùlùmí ni. Mùsùlùmí, ọmọ mi! Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn sọ́ọ̀ṣì Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú Yunifásítì yẹn kan náà, ère Jésù tó jíǹde tí Ben Enwonwu ṣe wà nínú sọ́ọ̀ṣì àwa Pùròtẹ́sítáǹtì, kò sì sẹ́ni tó ń bọ ọ́. Bruce Onobrakpeya, tó kọ́ṣẹ́ ní Zaria níhìn-ín lókè Ọya, ṣe Ọ̀nà Àgbélébùú fún ìjọ Àgùdà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Bí o bá dé Èkó, lọ wò ó kí o tó gbẹ́ èyí tó kù.

Mú pákó kan tó ti parí, kí ìwọ àti àgbà kan nínú ẹbí yín lọ bá olórí àwọn àgbà ìjọ nílé rẹ̀. Dọ̀bálẹ̀. Orí 20 nínú Ẹ́kísódù ni wọ́n máa kà fún ọ. Ìwọ náà ka orí 31 fún wọn, níbi tí Ọlọ́run ti fi ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálélì fún iṣẹ́ igi gbígbẹ́. Sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ ni pákó wọ̀nyí wà fún, pé kò sẹ́ni tó máa pa adìẹ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ní ti ìyá rẹ, mú un wá síbi iṣẹ́, kí o kọ́kọ́ fi ìkẹrin hàn án, níbi tí Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí àwọn àgbà bá sì kọ̀ jálẹ̀, kọ̀wé sí mi padà. Gwarinpa ni mo wà, màá bá ọ lọ.