Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Nígbà tí èsì ìdánwò ọmọ bá dé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Texas ni mo ń gbé, ọmọbìnrin mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kíláàsì kẹjọ ni. Nígbà tí èsì STAAR rẹ̀, ìyẹn ìdánwò tí ìpínlẹ̀ Texas ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, jáde, mo rí i pé percentile 58 ni wọ́n kọ fún un nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ 64 ni ó gbà lọ́dún tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ní eré ti pọ̀ jù, pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n jọ wà ní ilé-ìwé kan náà, tí wọ́n sì jọ jẹ́ ẹgbẹ́, gba 81. Ṣé ọmọ mi ti ń rẹ̀yìn ni? Ṣé wọn kò ní ní kí ó tún kíláàsì náà kà?
– Ìyá ọlọ́mọ, Texas

ÈSÌ: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Máàkì 58 nínú 100 kọ́ ni nọ́ńbà yẹn o. Ohun tí ó ń sọ ni pé, bí a bá to gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Texas tí wọ́n ṣe ìdánwò kan náà láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, ọmọ yín bá nǹkan bí 58 nínú 100 wọn dọ́gba tàbí kí ó ṣe jù wọ́n lọ. Ẹni tí ó ti kọjá ìdajì àwọn tí wọ́n jọ jókòó ṣe ìdánwò kò tíì di ẹni tí à ń sunkún lé lórí.

Ní ti 64 tí ó di 58, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣi èsì kà. Àárín ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣù jọ sí, débi pé ìbéèrè díẹ̀ péré tí ọmọ bá gbà tàbí tí ó bá ṣì lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn ní ipò púpọ̀. Ní òkè téńté tàbí ní ìsàlẹ̀ pátápátá, iye ìbéèrè kan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ipò padà. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọmọ kan náà bá tún ṣe ìdánwò mìíràn tí ó le bákan náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣòro kí máàkì méjèèjì bára mu pátápátá, nítorí pé oorun, ìbẹ̀rù àti irú ìbéèrè tí ó bá a pàdé ní ipa tí wọ́n ń kó. Bí ipò rẹ̀ bá tún lọ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ sì ń rí ohun kan náà nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, ìgbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ àníyàn.

Kí ẹ tó fi 58 wé 81, ẹ bi ọ̀rẹ́ yín léèrè irú ìdánwò tí ọmọ rẹ̀ ṣe. Ní Texas, ọmọ kíláàsì kẹjọ tí ó bá ti ń kọ́ Algebra I (ìṣirò tí ó ga ju ti kíláàsì rẹ̀ lọ) kì í ṣe ìdánwò ìṣirò kíláàsì kẹjọ mọ́; ti Algebra I ni ó ń ṣe, láàárín àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ kíláàsì keje kan tí ìṣirò wọn yá sì máa ń bọ́ sínú ìdánwò kíláàsì kẹjọ. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n fi ọmọ yín wé lọ́dún yìí kì í ṣe àwọn tí wọ́n fi í wé lọ́dún tó kọjá gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù ipò lọ ni ìpele tí wọ́n kọ sínú èsì náà. Mẹ́rin ni wọ́n, láti orí ọmọ tí kò tíì dé ojú ìwọ̀n kíláàsì rẹ̀ dé orí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, a kì í sì í fi ọmọ wé ọmọ kí a tó fi sí ìkankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ojú òpó tí ìpínlẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún àwọn òbí, ẹ ó rí àwọn ìbéèrè náà àti ìdáhùn ọmọ yín. Bí bàbá rẹ̀ bá bá a jókòó ti àwọn tí ó ṣì, yóò mọ̀ bóyá ìdá (fraction) ni kò yé e ni tàbí ìkánjú ló bá a jà. Mo rò pé ìyẹn yóò wúlò ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti títún kíláàsì kà, òfin tí Texas ṣe ní ọdún 2021 ti fagi lé àṣẹ pé ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹjọ gbọ́dọ̀ yege STAAR kí ó tó lọ síwájú. Àfikún ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń fún ẹni tí kò bá yege.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń gbọ́ pé máàkì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti já wálẹ̀, pé àrùn Kòrónà ló fà á. Ṣé òótọ́ ni? Báwo sì ni mo ṣe lè mọ bí ti ilé-ìwé àwọn ọmọ mi ṣe rí?
– Òbí kan, Maryland

ÈSÌ: Òótọ́ ni pé ó já, ṣùgbọ́n a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru Kòrónà. NAEP ni ìdánwò tí wọ́n fi ń wo gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nínú ìṣirò kíláàsì kẹjọ, 282 ni ìpíndọ́gba máàkì ní ọdún 2019; ní ọdún 2024, ó di 274. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé kíkà ní kíláàsì kan náà: 267 ní ọdún 2017, 263 ní ọdún 2019 kí àrùn náà tó dé rárá, 260 ní ọdún 2022, 258 ní ọdún 2024. Ohun tí ó dùn mí jù nínú èsì ìṣirò ọdún 2024 ni pé àwọn tí wọ́n wà lókè tún gòkè sí i ju ti ọdún 2022 lọ, nígbà tí àwọn ti ìsàlẹ̀ tún rì sí i. Ìpíndọ́gba kan ṣoṣo kò lè fi èyí hàn.

NAEP kò lè dáhùn ìbéèrè yín kejì, nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá ṣà ló ń ṣe é, kì í sì í fún ọmọ kankan ní èsì tirẹ̀. Àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 mú un ní dandan fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti máa gbé ìwé ìròyìn èsì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan jáde. Nígbà tí ẹ bá ń kà á, ẹ wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe tẹ̀ síwájú láti ọdún kan sí èkejì kí ẹ tó wo iye àwọn tó yege, torí pé iye tó yege máa ń sọ púpọ̀ nípa owó tó ń wọlé fún àwọn ìdílé àdúgbò náà, nígbà tí ìtẹ̀síwájú súnmọ́ iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ fúnra wọn ń ṣe.